Kọ́kọ́rọ́ tí Aránṣọ Kò Wá Gbà

Ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í tètè dáhùn. Bí ènìyàn bá kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ parí ohun tó ń fi fáìlì rẹ́, yóò fẹ́ eruku irin kúrò lórí tábìlì, kó tó gbójú sókè dáni lóhùn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa rò pé ìgbéraga ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ kí nǹkan dá dúró ní àbọ̀ ni, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà ṣe ìkíni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń gé kọ́kọ́rọ́ ní òpópó kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé bí ènìyàn méjì bá wọlé, ẹnìkẹta ní láti fi èjìká gbé ilẹ̀kùn dúró. Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Irin, ìyẹn aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Òun náà ń pe aránṣọ ní Abẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá ti wà ní àárín orí, ọ̀kan nínú wọn á sọdá, wọn á jọ jẹun, wọn á sì bú ara wọn títí oúnjẹ yóò fi tán.

Òfin méjì ni ọ̀gá tó kọ́ Oníkọ́kọ́rọ́ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Èkínní ni pé kò gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn tí ẹni tó ni ín kò bá sí níbẹ̀. Èkejì ni pé bó bá gé kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò, kó gé ọ̀kan sí i, kó bá a tọ́jú rẹ̀, nítorí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kì í ronú, ẹkún ló ń sun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́. Pátákó wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ìṣó mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lára rẹ̀, gbogbo òpópó ló sì mọ ohun tó so síbẹ̀. Kò kọ orúkọ kankan. Òwú ló fi ń dá wọn mọ̀, òwú tí aránṣọ bá gé kù. Òwú pupa ni ti aránṣọ fúnra rẹ̀. Òwú búlúù ni ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ojúlé kẹta sí aránṣọ, tó sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ọdún kan ṣoṣo.

Lẹ́ẹ̀kẹrin yẹn, obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilé mi. Èmi kàn ń bá yín gbé e ni."

Ìdìbò dé, ìdìbò lọ. Ẹgbẹ́ Àtùpà wọlé, ẹgbẹ́ Àkàbà fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbò wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olúborí kò fi ọkàn balẹ̀, tí ẹni tó pàdánù náà kò sì gbà. Àtùpà ni Oníkọ́kọ́rọ́ dìbò fún, kò fi pamọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní àdúgbò, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Akọ̀wé. Aránṣọ àti Ìyá Oníbúrẹ́dì, Àkàbà ni wọ́n. Ní ọjọ́ tí wọ́n ka èsì, aránṣọ yọrí síta.

"Irin! Ẹ jí ìbò o!"

"Abẹ́rẹ́, ẹni tó jábọ́ lórí àkàbà, ilẹ̀ kọ́ ló tì í!"

Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Bí ó ti yẹ kí ọ̀rọ̀ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti fọ́ gbogbo fèrèsé ọ́fíìsì Àkàbà, wọ́n sì ti lu ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ débi pé kò lè lo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, àwàdà àná ti kan lẹ́nu rẹ̀. Ó juwọ́ sí òdìkejì. Aránṣọ ti dojú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọ ògiri.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò sẹ́ni tó sọdá jẹun lọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Wọn kì í wá pọ̀. Ẹnì kan á yà wọlé bí ẹni tó fẹ́ béèrè aago, á sọ̀rọ̀ òjò, á sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun òun, lẹ́yìn náà lá wá nàka sí pátákó. Àwọn ará Àkàbà nìkan ni. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lára àwọn tó pẹ́ jù kó tó wá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O kú ọjà."

"Ẹ má bínú. Kọ́kọ́rọ́ mi yẹn... ẹ jẹ́ n máa mú un lọ."

"O tún ti sọ tọwọ́ ẹ nù?"

"Rárá o, ọwọ́ mi ló wà." Ó wo pátákó, ó wo ilẹ̀. "Nǹkan ò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́ ni."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí."

Oníkọ́kọ́rọ́ já òwú búlúù náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé Akọ̀wé ọmọ òun ni obìnrin náà ń sọ. Ìṣó mọ́kàndínlógún ló ti ṣófo lára pátákó, wọ́n sì rí bí ẹnu tí eyín ti yọ. Nínú gbogbo ará Àkàbà, òwú pupa nìkan ló kù níbẹ̀. Aránṣọ kò wá gba tirẹ̀.

Ohun tí Oníkọ́kọ́rọ́ wá dì mú nìyẹn. Lójoojúmọ́, kó tó bọ́ fìlà, yóò kọ́kọ́ wo òwú pupa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, ìbárẹ́ àwọn ò tíì kú, ó kàn ń ṣàìsàn ni.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, Akọ̀wé wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí kò sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan.

"Bàbá, mo nílò kọ́kọ́rọ́ olówùú pupa yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìwé ẹ̀hónú tí àwọn Àkàbà fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ aránṣọ ló wà. Àwọn tó fọwọ́ sí i lé nígba. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ilé wọn wà níbẹ̀. A kàn fẹ́ wò ó ni."

"Wò ó kí ẹ ṣe kí ni?"

"Ká mọ ẹni tó wà níbi tó wà."

"Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ́fíìsì ọjọ́sí, ṣebí wọ́n mọ ibi tóun náà wà."

Akọ̀wé ń wo bàtà rẹ̀ tó ń dán.

"Ta ló rán ṣòkòtò àkọ́kọ́ tó o wọ lọ sílé ìwé?"

"Bàbá, iṣẹ́ wọn ni. Ẹ sanwó fún wọn."

"Mo fẹ́ sanwó, kò gbà á."

"Ẹ̀yin náà dìbò fún wa!"

"Mo dìbò fún yín. Mi ò dìbò pé kẹ́ ẹ máa wọlé onílé."

Ọmọ náà sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó rán mi kì í béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti sọ fún wọn pé mo lè mú un wá."

"Padà lọ sọ fún wọn pé irọ́ lo pa."

Nígbà tí Akọ̀wé ti lọ, ìyá rẹ̀, tó ń to àgádágodo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, jáde síta. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ fún onínǹkan. Nísinsìnyí."

"Bí mo bá gbé e lọ, ohun tó máa gbọ́ ni pé mo lé òun."

"Bí ẹ ò bá gbé e lọ ńkọ́?"

"Màá gbé e lọ lọ́la."

Ó sì gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó já kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó, ó dé etí títì. Aránṣọ gbójú sókè láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí i, ó sì yíjú padà sí ògiri. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ mẹ́ta fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, tó so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ènìyàn tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ ní àbọ̀, èyí nìkan ló fi sílẹ̀ ní àbọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pè é lọ tún àgádágodo ilé ìwé kan ṣe. Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tó padà dé. Ìṣó òwú pupa ti ṣófo.

"Ta ló wá síbí?"

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Akọ̀wé ni. Ó ní ẹ ní kóun wá mú fáìlì irin kan." Ó wo ibi tí ọkọ rẹ̀ ń wò, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Omi ni mo lọ pọn fún un o."

Oníkọ́kọ́rọ́ wo òdìkejì. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà ní títì. Láti aago kan sí aago márùn-ún gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, aránṣọ á máa wà nílé ọmọbìnrin rẹ̀, lọ́nà jíjìn. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà ní òpópó yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé sì dàgbà níbẹ̀.

Kí ló kù tí ènìyàn lè ṣe? Bó bá pariwo pé olè ń bọ̀, àwọn ará Àkàbà á jáde, orí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fọ́. Bó bá dákẹ́, wọ́n á kó orúkọ igba ènìyàn lọ, ènìyàn tó jẹ́ pé òun ló gé kọ́kọ́rọ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Ó mú lọ́ọ̀kì tuntun kan láti inú páálí, ó mú àpò iṣẹ́, ó sì sọdá.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ki wáyà méjì bọ ihò kọ́kọ́rọ́. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò ṣí ilẹ̀kùn tí onílé kò sí níbẹ̀. Lọ́ọ̀kì àtijọ́ náà ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mò ń pààrọ̀ lọ́ọ̀kì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìgbà tí onílé ò sí nílé!" Obìnrin náà yíjú sí títì, ó ké tòò. "Ẹ gbà wá o! Ẹ wá wò ó! Bàbá Akọ̀wé ń ja ilẹ̀kùn télọ̀ o!"

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́tùn-ún lósì. Kí ó tó yọ lọ́ọ̀kì àtijọ́ tán, ènìyàn bí ogún ti yí i ká, gbogbo wọn sì ni ó mọ irú òwú tó wà lára kọ́kọ́rọ́ wọn rí.

"Ọmọ Àtùpà! Wọ́n gba ìbò tán, ó ku ilé!"

"Bàbá àgbà tó ń fọ́lé lọ́sàn-án gangan!"

"Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀! Ta ló rán yín?"

Ẹnì kan gbá fìlà rẹ̀ bọ́. Ẹlòmíràn fa ẹ̀yìn ọrùn aṣọ rẹ̀ tó fi ya. Awò ojú rẹ̀ já sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dá wọn lóhùn, òun ti fi ọmọ òun lé wọn lọ́wọ́. Ó ki lọ́ọ̀kì tuntun bọ ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ wá ihò ìṣó bí afọ́jú. Ìṣó onílílọ́ mẹ́rin ni. Ó lọ́ èkínní, ó lọ́ èkejì, wọ́n tì í lẹ́yìn, orí rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ó lọ́ ẹ̀kẹta. Ó lọ́ ẹ̀kẹrin. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tì í, ó sì dìde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní iwájú orí.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá lọ́ọ̀kì tuntun náà wá láti inú páálí. Ó kó gbogbo wọn lé Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́.

"Kà wọ́n. Mẹ́ta ni. Kò sí ìkẹrin lọ́wọ́ mi. Bí ó bá dé, fi gbogbo ẹ̀ fún un."

Obìnrin náà ka mẹ́ta. Ó wo pátákó tó hàn láti òdìkejì títì, níbi tí òwú pupa tó wà láàárọ̀ kò sí mọ́. Ariwo kú lẹ́nu rẹ̀. Ó nawọ́ dá èrò dúró.

Ìgbà yẹn ni Oníkọ́kọ́rọ́ rí wọn ní orígun títì: ọmọ rẹ̀ àti ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí. Kò rí ojú wọn dáadáa láìsí awò, ṣùgbọ́n kò sí bàbá tí kò mọ ìdúró ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé rí èrò, ó rí bàbá rẹ̀, ó sì yí padà kíákíá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà tẹ̀ lé e. Èkejì kò kánjú. Ó dúró, ó wo Oníkọ́kọ́rọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn náà lókè àti nísàlẹ̀, bí káfíńtà tó fẹ́ wọn pákó, lẹ́yìn náà ló rọra rìn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Akọ̀wé wá sílé, ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi omi gbígbóná nu ojú egbò.

"Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, Bàbá. Wọ́n ní irú akọ̀wé wo ni bàbá ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́."

"Jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Ó sàn ju kí wọ́n rán ẹ níṣẹ́ lọ."

"Wọn ò ní rán mi mọ́." Ohùn rẹ̀ já. Ó jókòó, ó gbé orí lé ọwọ́ bí ọmọdé. "Ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé ká lo kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n má baà fọ́ nǹkan kan. Àwọn tó kù kì í lo kọ́kọ́rọ́."

Lẹ́yìn náà ni Oníkọ́kọ́rọ́ dìde, ó gbé àga rẹ̀ tí kò ní ẹ̀yìn, ó sì jáde.

Iná ń tàn ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Irin ni."

Ó pẹ́ kí lọ́ọ̀kì tuntun náà tó yí. Aránṣọ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú okùn òṣùwọ̀n aṣọ lọ́rùn, ó wo egbò, ó wo àga.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Mi ò ní bi ẹ́ lẹ́ni tó mú kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"O ṣeun."

"Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ní mi ò ní bi ẹ́ ni."

"Kí ló dé tó ò wá gbà á bíi tàwọn yòókù?"

"Mò ń retí kí o gbé e wá fún mi." Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo ní bí o bá gbé e wá, a jẹ́ pé o mọ ohun táwọn èèyàn ẹ ń gbèrò, o ò sì fara mọ́ ọn. Mo rí ẹ létí títì lánàá. Ojú tì mí láti wò ẹ́, mo bá yíjú. Nígbà tí mo tún bojú wẹ̀yìn, o ti lọ."

Oníkọ́kọ́rọ́ gbé àga kalẹ̀. "Wọ́n ń bọ̀, Abẹ́rẹ́. Wọn ò ní mú kọ́kọ́rọ́ wá. Kó ìwé yẹn lọ síbòmíràn."

"Níbo? Gbogbo ilé tí mo lè gbé e lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n."

"Sun ún nígbà náà."

"Igba èèyàn ó lé méjìlá ló fọwọ́ sí i lójú mi. Màá gbé e dé ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu adájọ́ ni kó ṣe. Máa lọ sílé, o ti gbìyànjú."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dìbò fún Àtùpà ṣe jókòó ti ìwé tí wọ́n kọ láti fi lé Àtùpà kúrò. Òru ọjọ́ náà kọjá, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì méjì wá, kò gba owó, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, kò sì sọ ọjọ́ tóun máa dé. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Oníkọ́kọ́rọ́ ṣàkíyèsí pé àwọn tó máa ń jókòó síta ti wọlé lọ, wọ́n ti kó àga wọn, wọ́n sì ti pa fèrèsé dé, bẹ́ẹ̀ òjò kò ṣú.

"Mo ṣì ń sọ ọ́ fún ẹ," ni aránṣọ wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ lọ, "ẹ jí i ni."

"A ò jí nǹkan kan. Ẹ ò ka ara yín dáadáa."

"Ìwọ tó ò ní awò lójú, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò."

"Àwọn èèyàn ẹ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

"Wọ́n ṣìnà ni. Ẹnu ẹ ni kí wọ́n tẹ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níta, tí wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀. Nǹkan onírin kan ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀.

Oníkọ́kọ́rọ́ dìde. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì fi ẹ̀yìn tì í gbọn-in.

"Abẹ́rẹ́," ó wí, "máa rán aṣọ ẹ."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.